Ìgbà Wo ni Ẹ̀jẹ̀ Tọ́ sí Aláìsàn Jẹjẹrẹ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìjíròrò yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó kì í ronú kàn títí di ọjọ́ tí dókítà yóò pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, tí yóò sì wí fún wọn pé, "Ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá." Ní ọjọ́ náà, wọn a máa sáré sókè sódò, wọn a máa ránṣẹ́ pe ọmọ, wọn a máa ránṣẹ́ pe àbúrò, wọn a sì máa bá ara wọn jiyàn ní iwájú báńkì ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó ń bá aláìsàn náà fínra, ẹ̀rù a di ìlọ́po méjì. Ìbéèrè tí kì í sábà jáde lẹ́nu wọn ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ yìí tọ́ sí aláìsàn wa nísinsìnyí, tàbí nǹkan mìíràn ni ara rẹ̀ ń béèrè?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àrùn ará òkèèrè ni jẹjẹrẹ. Olóyè Gani Fawehinmi, gbajúgbajà agbẹjọ́rò tí a bí sí ìdílé kan ní ìlú Oǹdó ní 1938, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, 2009. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó jókòó sí Àkúrẹ́ ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì ni ó mú òun náà lọ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, 2023. Aya rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu, ní jẹjẹrẹ ọmú, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Bí àrùn náà ti ń pa ni, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń yè é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ìpinnu tí a ṣe nípa ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí yóò gbé aláìsàn dé èbúté.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó kàn án, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìpinnu yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí àwa Yorùbá máa ń lò: "Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀." Bí a bá tú gbólóhùn yìí wò fínnífínní, a ó rí i pé ó kó ohun mẹ́ta tí kò jọra pọ̀. Èkíní ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dà jáde lára aláìsàn. Èkejì ni pé ara aláìsàn kò pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun bí ó ti yẹ mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ó kàn rẹ aláìsàn, ojú rẹ̀ sì funfun. Ìtọ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ kan náà ni a fún wọn, ohun kan náà ni a máa ń béèrè fún: páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ara àgbàlagbà kan tó nǹkan bí lítà 5. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa yìí ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hẹmoglóbìnì. Irin wà nínú rẹ̀, òun ni ó sì ń ru atẹ́gùn ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 120 yìí ṣe pàtàkì. Ó túmọ̀ sí pé bí mùdùnmúdùn bá dẹ́kun iṣẹ́ lónìí, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tán lọ́la; díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà sẹ́yìn, ara yóò sì máa kọ́ bí yóò ti fi ìwọ̀nba tí ó kù ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kò sí àkókò ìkọ́ni kankan.

Ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà dín ẹ̀jẹ̀ kù pọ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ti inú ikùn àti ti ìfun ńlá a máa ṣẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn ní gbangba, nígbà mìíràn ní ìkọ̀kọ̀ nínú ìgbẹ́. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti pírọ́sítéètì a máa wọ inú egungun, wọn a sì gba ààyè mọ́ mùdùnmúdùn lọ́wọ́. Oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyàtọ̀: gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ń yára pọ̀ sí i ni ó ń lù, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn sì wà lára wọn. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí, irú bíi cisplatin, tún lè ba kíndìnrín jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kíndìnrín ni ó ń ṣe èròjà tí ń ké sí mùdùnmúdùn pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, àìsàn tí ó pẹ́ lára a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tú èròjà kan jáde tí ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ irin. Irin wà nínú ara, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò. Fi àìlèjẹun àti ibà ẹ̀fọn kún un, ìwọ yóò rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ.

Báwo ni a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀? Ní ilé ìwòsàn wa, PCV ni a sábà ń gbọ́. A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, a ó fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan títí sẹ́ẹ̀lì pupa yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, a ó sì wo ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́. Àwọn mìíràn a máa wọn hẹmoglóbìnì, iye gíráàmù rẹ̀ nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀nà méjèèjì bára mu: bí o bá sọ hẹmoglóbìnì di ìlọ́po mẹ́ta, o fẹ́rẹ̀ẹ́ dé PCV. Hẹmoglóbìnì 10 dà bí PCV 30. 8 dà bí 24. 7 dà bí 21. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé obìnrin tí kò lóyún tí tirẹ̀ kò bá tó 12, tàbí ọkùnrin tí tirẹ̀ kò bá tó 13, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ má tó jẹ́ ọ̀tọ̀, kí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn síni lára jẹ́ ọ̀tọ̀.

Láti 1942, nígbà tí àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Adams àti Lundy, dá a lábàá, ni àwọn oníṣègùn ti ń tẹ̀lé ìlànà kan pé aláìsàn tí hẹmoglóbìnì rẹ̀ bá wọlẹ̀ ju 10 lọ, tàbí tí PCV rẹ̀ bá wọlẹ̀ ju 30 lọ, kí a fún un ní ẹ̀jẹ̀ kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìlànà náà di àṣà, àṣà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ ní Kánádà tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín aláìsàn 838 tí àìsàn wọn le gan-an sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ nígbà tí hẹmoglóbìnì wọn wọlẹ̀ ju 10. Apá kejì ni wọn kò fún títí tí ó fi wọlẹ̀ ju 7. Ikú kò pọ̀ sí i láàárín àwọn tí a dúró fún. Ní 2021, wọ́n kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 48 jọ, ènìyàn tí ó wà nínú wọn ju 21,000 lọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ lò fún fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín iye aláìsàn tí ó gba ẹ̀jẹ̀ kù, láìjẹ́ pé ikú pọ̀ sí i láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ AABB, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, fi gbà níyànjú ní 2023 pé kí a máa ronú nípa ẹ̀jẹ̀ nígbà tí hẹmoglóbìnì àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dúró déédéé bá wọlẹ̀ ju 7, tàbí 8 fún ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ka aláìsàn jẹjẹrẹ mọ́ àwọn tí 7 wà fún, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí tí ó wà nípa wọn kò lágbára tó ti àwọn yòókù.

Ìjẹ́wọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ìlú São Paulo ní Brazil, wọ́n wo aláìsàn 198 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún nítorí jẹjẹrẹ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn tí a fún ní ẹ̀jẹ̀ nígbà tí hẹmoglóbìnì wọn wọlẹ̀ ju 9 kò ní ìṣòro tó àwọn tí a dúró fún títí di 7. Ẹ̀yin náà rí i pé 7 kì í ṣe òfin tí a gbẹ́ sára òkúta. Àmì ojú ọ̀nà ni; awakọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀.

Kí ni awakọ̀ yìí yóò máa wò? Ìbéèrè mẹ́ta ni. Ìkíní: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dín kù? Ìkejì: báwo ni ara ṣe ń gbé e? Ǹjẹ́ àyà aláìsàn ń já, ǹjẹ́ ó ń mí gúlegúle nígbà tí ó jókòó, ǹjẹ́ àyà ń dùn ún, ǹjẹ́ òòyì ń kọ́ ọ tí ó bá dìde? Ìkẹta: kí ni ó wà níwájú? Ṣé iṣẹ́ abẹ ni, ṣé oògùn tí yóò tún tẹ mùdùnmúdùn mọ́lẹ̀ ni, ṣé ìtọ́jú onítànṣán ni yóò rìnrìn àjò lọ gbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo aláìsàn méjì. Ìyá oníṣòwò kan nìyí ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó ń gba oògùn fún. PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń jẹun, kò ní àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ kò dà níbì kankan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fárí gá pé àfi kí wọ́n fún ìyá òun ní páìntì méjì kí ara rẹ̀ lè le. Ní Oǹdó, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wà pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. PCV tirẹ̀ jẹ́ 27. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ọkàn rẹ̀ ń sáré, kò sì lè dìde kí ojú rẹ̀ má ṣókùnkùn. Ta ni ẹ̀jẹ̀ tọ́ sí nínú àwọn méjèèjì?

Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà nìkan ṣe ìdájọ́ yóò ní ìyá Àkúrẹ́ ni. Yóò sì ṣìnà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, omi inú ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì pupa jọ ń jáde pọ̀ ni. Nítorí náà, ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ìyókù kì í tètè yí padà. PCV 27 ti olùkọ́ wa jẹ́ ìròyìn àná. Òun ni kí a wá ẹ̀jẹ̀ fún kíákíá, kí a sì wá ọ̀nà dá ẹ̀jẹ̀ tí ń dà náà dúró, nítorí pé agbè tí ó jò kò ṣeé pọnmi kún. Ní ti ìyá oníṣòwò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a wádìí ohun tí ó fà á, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a sì tún PCV rẹ̀ wò kí ó tó gba oògùn mìíràn. Bí àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, tàbí bí PCV náà bá ń wọlẹ̀ sí i, ìdájọ́ yóò yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé páìntì kan ṣoṣo ni ó wà ní báńkì lọ́jọ́ náà, ẹ ti rí ohun tí ìpinnu aláìnírònú lè gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí a bá ti wá pinnu láti fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dà lára rẹ̀, ẹyọ kan ni kí a fún un, kí a sì tún un wò kí a tó fún un ní òmíràn. Páìntì kan a máa gbé hẹmoglóbìnì àgbàlagbà sókè ní nǹkan bíi 1, tàbí PCV ní nǹkan bíi 3. Àṣà pé méjì-méjì ni a ń fún ènìyàn kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Arúgbó tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ẹ̀jẹ̀ àfàkíá lè kún un lẹ́dọ̀fóró, kí ó sì máa wá èémí tì. Nítorí náà ni ó fi dára, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò, kí a sì fún un ní sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan, kí a rọra fà á, ṣùgbọ́n kí ó tán láàárín wákàtí 4 tí ó bá ti kúrò nínú fìríìjì.

Ewu mìíràn wà. Karl Landsteiner ni ó ṣe àwárí ní Vienna ní 1901 pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pín sí oríṣi. Ẹni tí ó jẹ́ O tí a bá ṣèèṣì fún ní A, ara rẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ náà jà títí yóò fi kú. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, orúkọ ni ó ń fà á. Ní ilẹ̀ wa tí ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú wọ́ọ̀dù kan, kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn ní orúkọ rẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn rẹ̀ wé ti ara ike ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò HIV, fún kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, àti fún àtọ̀sí ńlá tí a ń pè ní sífílíìsì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọlé lọ́wọ́ tí òtútù mú aláìsàn, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ara ń yún un tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí ará ilé má ṣe dúró. Nọ́ọ̀sì ni kí ó ké sí lójú ẹsẹ̀.

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀, irin ni kí a fún un, yálà èyí tí a ń gbé mì tàbí èyí tí a ń fà sí iṣan. Ẹni tí ibà ń pa, ibà ni kí a wò. Abẹ́rẹ́ kan wà, erythropoietin, tí ń ti mùdùnmúdùn láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ó sì lè mú kí jẹjẹrẹ gbèrú. Nítorí náà, a kì í lò ó fún ẹni tí a ń retí pé ìtọ́jú yóò wò sàn pátápátá. Ní ti poroporo ọkà bàbà àti ewé iyánà-ipájà tí àwọn ìyá wa ń sè, kí aláìsàn sọ fún dókítà rẹ̀ bí ó bá ń mu ún, nítorí pé àgbo lè bá oògùn jẹjẹrẹ jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àgbo kò lè sáré bá ẹ̀jẹ̀ tí ń dà.

Níbo wá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá? Kò sí ilé-iṣẹ́ kan láyé tí ń rọ ọ́. Òfin tí ó dá Àjọ Ìpèsè Ẹ̀jẹ̀ ti Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ ní 2021 wà, ṣùgbọ́n òfin kò ní iṣan. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí aláìsàn ń kú lọ ni ẹbí ń wá olùfiṣẹ̀jẹ̀ṣèrànwọ́, àwọn tí ń ta ẹ̀jẹ̀ wọn ni ọwọ́ wọn yóò bà, ẹ̀jẹ̀ irú wọn ni ó sì léwu jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Oǹdó, ẹ̀yin ará Adéyẹmí, ẹ̀yin ará Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tí ó ti pé ọdún 18, tí ó wọ̀n tó kílò 50, tí ara rẹ̀ dá, lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ọkùnrin lè ṣe é ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti wà nínú fìríìjì kí aláìsàn tó dé ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù. Aláìsàn ni ó ni ara rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ wa ti ṣe ìdájọ́ ní 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni láti ṣàlàyé ní èdè tí ó yé e. Kì í ṣe láti fi agbára mú un. Èkejì ni pé àkókò ń bọ̀ fún àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ kò ní í wò wọ́n sàn mọ́. Bí páìntì kan bá lè mú kí bàbá àgbà lè jókòó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó tọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti ìrìn àjò sí ilé ìwòsàn nìkan ni yóò jèrè níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ ní ilé, kí a tọ́jú ìrora rẹ̀, kì í ṣe àìláàánú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà mìíràn tí wọ́n bá wí fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ènìyàn yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré. Ẹ bi dókítà léèrè: Ṣé ń dà ni, tàbí ń dín kù ni? Kí ni ó fà á? Báwo ni ara rẹ̀ ṣe ń gbé e? Ẹyọ mélòó, kí sì ni a ó wò lẹ́yìn ti àkọ́kọ́? Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ fún yín bóyá báńkì ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ó gbà lọ.